Nítorí Fèrèsé Kan

Tata kan ṣoṣo ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo fi ike bò ó, mo gbé e sínú fíríìjì, nítorí wọ́n kọ́ mi lórí fóònù pé bí òtútù bá mú kòkòrò díẹ̀, kò ní lè fò mọ́ ẹni tó fẹ́ yà á ní fọ́tò lọ́wọ́. Ta ló mọ̀ pé ọkọ mi yóò jí lójú oorun ọ̀sán, tí yóò máa wá ẹran kiri? Ó ṣí ike. Tata ń wò ó, òun náà ń wo tata.

"Àmọ̀kẹ́," ó ní, "ṣé oúnjẹ alẹ́ mi nìyí?"

Mo ní rárá, àlejò mi ni. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Bọ́látitó, ọmọ wa tó wà ní Ìbàdàn, ló fi ẹ̀rọ tí mo fi ń ya kòkòrò ránṣẹ́ sí mi: awò kékeré kan báyìí tí wọ́n máa ń há mọ́ ojú kámẹ́rà fóònù. Bí o bá sún un mọ́ èèrà, wàá rí irun ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí kò sí ọmọ tí mo lè jágbe mọ́ mọ́, mo bá ríṣẹ́ ṣe. Kò kúkú rọrùn. Bí mo bá jìnnà, gbogbo rẹ̀ á ṣe bàìbàì. Bí mo bá sún mọ́ ọn jù, òjìji fóònù á bo ohun tí mò ń yà. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n pẹ́nrẹ́n, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo to agolo mílíìkì lérí ara wọn, mo gbé fóònù lé e. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń sé èémí. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló kù. Nínú gbogbo ilé wa ní Òkè-Ògbó, fèrèsé pálọ̀ nìkan ni ìmọ́lẹ̀ gidi ń gbà wọlé, abẹ́ fèrèsé náà sì ni àga ọkọ mi wà. Ọkọ mi kì í kúrò níbẹ̀.

Kòkó ló ń yẹ̀ wò fún ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n á la kóró síwájú rẹ̀, á ní èyí dáa, èyí ti bu. Láti ìgbà náà ló ti gbà pé kò sí ohun tí ojú òun ò lè dá mọ̀. Ohun kejì tó fi ń yangàn ni irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún dáadáa, irùngbọ̀n ṣì dúdú kirikiri. "Ní ìdílé tiwa, a kì í hewú." Bó ṣe ń wí fún ẹni tó bi í ló ń wí fún ẹni tí kò bi í. Èmi ni mo ń fọ aṣọ ìnura rẹ̀. Mo mọ ohun tó ń sọ omi rẹ̀ di dúdú, mo sì panu mọ́.

Lọ́jọ́ tata yẹn, ọ̀rẹ́ rẹ̀, Alhaji Abdulwahab, wà ní pálọ̀. Òun náà ní òun ò tíì hewú, àmọ́ fìlà rẹ̀ kì í kúrò lórí. Ọ̀rọ̀ tó bá gbọ́ nílé wa láàárọ̀, kí ọ̀sán tó pọ́n ó ti dé Ẹnuwá, níbi tí ẹgbẹ́ ọkọ mi máa ń jókòó sí.

"Kó kòkòrò rẹ lọ sẹ́yìnkùlé," ọkọ mi wí.

"Fèrèsé yìí ni mo fẹ́, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ wà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ya ohunkóhun tó bá wù ọ́. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, kòkòrò ò gbọdọ̀ wọ ilé yìí mọ́. Bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, mo fi fèrèsé sílẹ̀ fún ọ. Alhaji, ẹ̀yin lẹlẹ́rìí."

Lọ́jọ́ kejì, ó sùn lọ lórí àga, ó gbé orí sẹ́yìn, oòrùn sì tàn sí irùngbọ̀n rẹ̀. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ yà, àmọ́ irùngbọ̀n ni oòrùn wà. Mo sún mọ́ àgbọ̀n rẹ̀, mo sé èémí. Ohun tí mo rí nínú fóònù, díẹ̀ ló kù kí n ju fóònù lé e láyà: òkè irun dúdú, ìdí rẹ̀ funfun báláú.

Nígbà tí Alhaji dé nírọ̀lẹ́, mo gbé fọ́tò náà fún wọn. Ọkọ mi wọ awò ojú rẹ̀, ó wò ó títí.

"Ó rò pé kòkòrò la ó máa retí, ló bá lọ ya oko," ó ní. "Oko tí iná ẹ̀ẹ̀rùn jó ni. Òkè igi dúdú, ìdí rẹ̀ funfun, eérú nìyẹn. Ọ̀lẹ ló sì ni ín, kò tún un ṣe dáadáa."

"Èmi rò pé búrọ́ọ̀ṣì ni," Alhaji wí.

"Àmọ̀kẹ́, oko ni àbí kì í ṣe oko?"

Mo wo irùngbọ̀n rẹ̀. Mo wo ẹnu Alhaji, ó ti là á sílẹ̀ dè mí. Gbólóhùn kan péré, fèrèsé ti di tèmi, ó sì ti wà lórí ahọ́n mi. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé Ẹnuwá, ọkọ mi ò ní lè gbójú sókè láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́.

"Oko ni," mo ní. Ó dùn mí wọra.

Ó yangàn títí Alhaji fi lọ. Mo ń kó agolo mi lọ sẹ́yìnkùlé, mò ń pòṣé, ló bá tẹ̀ lé mi.

"Oko yẹn, níbo lo ti yà á? O ò jáde nílé láti àná."

"Kò jìnnà."

"Oko ta ni?"

"Tiyín ni. Ẹ ò bójú tó o láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Abẹ́ ẹnu yín ló wà."

Ó fọwọ́ kan àgbọ̀n. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó mú un wọ balùwẹ̀ níbi tí dígí wà, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, kò wo ojú mi. Òun fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìbàdí tó ń dùn ún, ló wọ́ àga rẹ̀ kúrò lábẹ́ fèrèsé, ló sì to agolo mi síbẹ̀.

"O ò bá ti sọ ọ́ níwájú Alhaji."

"Èmi ni mò ń fọ aṣọ ìnura yín. Ṣé mo ti sọ ọ́ rí?"

Ó gbé agolo tó kẹ́yìn lé orí ìyókù. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí ẹ̀rín ń yọ létí ẹnu rẹ̀.

"Awò yìí," ó ní, "ṣé ó lè rí abẹ́ fìlà?"

"Bí ẹni tó dé e bá ṣí i."

Lọ́jọ́ kejì, Alhaji ò tíì kí wa tán lẹ́nu ọ̀nà tí ọkọ mi fi dìde lọ fà á lọ́wọ́.

"Alhaji, ẹ máa bọ̀ níbi fèrèsé, atẹ́gùn wà níbẹ̀. Ẹ ṣí fìlà yẹn jàre, ooru yìí ti pọ̀ jù."

Ọkọ mi ṣẹ́jú sí mi. Èmi ti gbé fóònù dání, mo ti sé èémí.