Oúnjẹ Asín

Láti àárọ̀ ni asín náà ti kọ àgbàdo, Olùkọ́ Marcellin sì gbà pé àfojúdi gbáà ni. Ẹran tí kò ju àtàǹpàkò lọ! Wọ́n wú u nínú ihò rẹ̀ lóko Massè, ó fi agbọ̀n gbé e wálé, ó bu oúnjẹ gidi fún un, ẹlẹ́nu ṣóńṣó kàn ń yí imú kiri.

“Jẹun, ìwọ yìí! Lọ́la ni aṣèbẹ̀wò ilé-ìwé ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́.”

“Bàbá Jeanne!” Cécile aya rẹ̀ ké láti ibi ààrò. “Ẹ gbé àlejò yín jáde o. Ó ti rùn wọnú ọbẹ̀.”

“Ẹ̀kọ́ ni, Ìyá Jeanne, kì í ṣe lọ́fínńdà.”

“Ẹ̀kọ́ yín ń rùn.”

Wọ́n ń wá ẹni tí yóò jẹ ọ̀gá ilé-ìwé Adja-Ouèrè, aṣèbẹ̀wò náà ni yóò sì yàn án. Láti ìgbà tí Dahomey ti gba òmìnira ni Marcellin ti ń retí oyè náà. Ó tilẹ̀ ti ń fi ohùn ọ̀gá wúkọ́. Ó ti fi abẹ́rẹ́ gún tata, ìrẹ̀ àti ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn mọ́ pákó kan, orúkọ Faransé lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Asín ni yóò fi dé e ládé. Ó ti kọ ọ́ sójú pátákó kíláàsì gàdàgbà: *Ọmọ ìyá èkúté ni asín. Kóró ni oúnjẹ rẹ̀.*

Kí olè má baà jí ògo rẹ̀ gbé, ó gbé agbọ̀n lọ sí kíláàsì, ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú pákó kòkòrò, ó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ṣòkòtò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, aṣèbẹ̀wò dé. Marcellin wúkọ́, ó ṣílẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù.

Agbọ̀n ti lu. Abẹ́rẹ́ dúró gbọin lójú pákó, orúkọ Faransé pé pérépéré, ìyẹ́ tata díẹ̀ ló kù. Láàárín wọn ni asín jókòó sí, ikùn rẹ̀ rí rogodo, ẹsẹ̀ ìrẹ̀ kan yọ lẹ́nu rẹ̀, ó ń rún un wàrà-wàrà bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Aṣèbẹ̀wò wo asín, ó wo pátákó. “Olùkọ́, kóró wo nìyẹn?”

Marcellin fi apá kóòtù tuntun nu pátákó títí apá náà fi funfun fún ẹfun.

Lọ́sàn-án, Cécile pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. “Bàbá Jeanne, oyè ńkọ́? Ẹ jẹ ẹ́?”

“Asín ti jẹ ẹ́.”