Ẹni Tí Ilẹ̀kùn Ṣí Fún

Ní Sátidé tí eré Yàrá Ìdúró parí, Télọ̀ sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Kì í ṣe ìfẹ́ eré nìkan ló gbé e débẹ̀. Ojú òsì rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́, èyí ọ̀tún tó kù sì ti ń ṣókùnkùn láti ẹ̀gbẹ́ kan, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fa kọ́tìnì díẹ̀díẹ̀. Dókítà ò fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú fún un. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni iṣẹ́ abẹ. Kò gbọdọ̀ gbé nǹkan wúwo ṣáájú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gbé e lẹ́yìn rẹ̀ títí ojú á fi san. Bí kò bá ti rí bẹ́ẹ̀, kó yáa lọ wá ọ̀pá tí yóò máa fi wá ọ̀nà.

Nǹkan wúwo tí Télọ̀ sì ń gbé lójoojúmọ́, ìyá rẹ̀ ni. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá Màmá dùbúlẹ̀ nínú yàrá kejì, wọn ò lè dá yíra lórí bẹ́ẹ̀dì. Télọ̀ ló ń gbé wọn dìde, tó ń wẹ̀ wọ́n, tó ń pààrọ̀ aṣọ tí wọ́n sùn lé, kó tó padà sídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀. Nígbà tí àìsàn yẹn dé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró ti ìyá, ẹnì kan sì ń lọ sí yunifásítì. Ẹ mọ ẹni tó dúró.

Èyí tó lọ ni Tíṣà, àbúrò rẹ̀ obìnrin. Tíṣà kì í ṣe èèyàn burúkú o, ẹ má gbọ́ mi sódì. Gbogbo Sátidé ló máa ń ra èso wá, á fọwọ́ pa Màmá lórí, á wá jókòó wo Yàrá Ìdúró pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mẹkáníìkì tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwọn náà á gbé àga rẹ̀ wọlé. Eré náà ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín gidi, àmọ́ bó bá ti ń tán báyìí, iyàn ló kù.

Eré àwọn òkú ni. Ẹni tó bá kú á bá ara rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì gígùn kan, níwájú akọ̀wé kan tó ń jẹ bisikíìtì, òun ni yóò sì pinnu ẹni tí ilẹ̀kùn máa ṣí fún. Ọ̀gá kan wà níbẹ̀ tí kò fọ abọ́ rí láyé ẹ̀. Ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà wà níbẹ̀, torí mọ́tò kan náà ló pa wọ́n. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni Ọ̀gá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe èèyàn, bó bá sì ti ba nǹkan jẹ́, ọmọ-ọ̀dọ̀ ló ń tún un ṣe. Nínú ìparí yìí, ilẹ̀kùn ṣí fún Ọ̀gá. Akọ̀wé ní kò sẹ́ni tó yí padà tó o. Ó wá kọjú sí ọmọ-ọ̀dọ̀, ó ní, "Ìwọ, bó o ṣe wà náà lo ṣì wà. Lọ jókòó." Ibẹ̀ ni wọ́n parí rẹ̀ sí.

Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín títí, ó wá dákẹ́ lójijì. "Ẹ gbọ́ ná. Wọ́n mà rẹ́ ọmọ yẹn jẹ."

"Wọn ò rẹ́ ẹ jẹ," Tíṣà ní. Ó ti ń fi áńkáṣíìfù nu ojú. "Ẹ wo ibi tí ọkùnrin yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Kí irú ẹ̀ tó lè tọrọ àforíjì, ọ̀nà jìn. Ọmọ-ọ̀dọ̀ ní tiẹ̀ ò rìn lọ síbì kankan. Dáadáa ni wọ́n ti bí i, dáadáa náà ló wà."

"Ibo ni kó rìn lọ?" Télọ̀ béèrè. "Bó bá rìn lọ, ta ló máa fọ abọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìyẹn kọ́ ni mò ń sọ."

"Ìyẹn lèmi ń sọ. Ẹni tó bá ráyè ló ń kọ́ ìwà. Ọkùnrin yẹn á ṣẹ̀ lónìí, á bẹ̀bẹ̀ lọ́la, gbogbo wa á pàtẹ́wọ́ fún un. Ká ní ọmọ yẹn ló ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ṣé ẹnì kan máa dúró dè é kó gbọ́n?"

Mẹkáníìkì ní iyàn yìí ti ju òun lọ, pé bí òun bá kú, ìdí akọ̀wé lòun máa sá lọ kí òun lè rí bisikíìtì jẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn wà lọ́kàn Télọ̀. Ó mọ̀ pé bí òun ò bá sọ ọ́ nísinsìnyí, ẹnu òun ò ní gbà á mọ́. Kò bẹ àbúrò rẹ̀ fún nǹkan kan rí. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó wá mú Màmá lọ sílé ẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí òun lè lọ ṣe ojú.

Tíṣà kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. "Ẹ dárí jì mí. Èmi gan-an ni Ọ̀gá yẹn, ẹ̀yin lẹ ń fọ abọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ó ti tán. Ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tán tí màá fi dé." Ẹkún gidi ló ń sun. Télọ̀ gbà á gbọ́. Kí ló dé tí kò ní gbà á gbọ́? Ọmọ ìyá rẹ̀ ni.

Ní Mọ́ńdè, Télọ̀ ti wẹ̀, ó ti di báàgì tirẹ̀ àti ti Màmá. Mẹkáníìkì ti lọ síbi iṣẹ́ ní tirẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ṣebí ìṣojú rẹ̀ ni Tíṣà ṣe ṣèlérí. Oòrùn yọ, kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn. Nígbà tó yá, fóònù dún, ohùn tí Tíṣà gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò sùn. Mo yẹ ara mi wò, mo rí i pé mi ò tíì lágbára ẹ̀. Bí mo bá mú Màmá wá báyìí, màá kàn máa kanra mọ́ wọn ni, ìyẹn ò sì dáa. Ó kéré tán, mo ti lè sọ òótọ́ fún ara mi, mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ bá mi sún iṣẹ́ abẹ yẹn síwájú díẹ̀. Ẹ ní sùúrù fún mi, mo ṣì ń dàgbà."

Mo ṣì ń dàgbà. Obìnrin tí ewú ti yọ lórí ẹ̀. Ẹnu dùn-ún ròfọ́ lóòótọ́. Télọ̀ pè é padà títí, Tíṣà ti pa fóònù, ó ti wọ kíláàsì. Télọ̀ wá pe ilé ìwòsàn, wọ́n ní kó máa bọ̀ kíákíá, pé bí kò bá dé, wọ́n á gbé ẹlòmíì sórí tábìlì.

Ó ti gbé báàgì dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí Màmá pè é. Bẹ́ẹ̀dì ti tutù rinrin, wọ́n sì ti yọ̀ débi etí rẹ̀, orí wọn ti ń fì síta. Bí òun bá jáde báyìí, wọ́n á já lulẹ̀. Ó gbé báàgì kalẹ̀. Ó kọ́kọ́ fẹ́ fi èjìká tì wọ́n láìbẹ̀rẹ̀, kò ṣeé ṣe. Ló bá bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ìyá rẹ̀, ó gbé wọn. Bó ṣe nàró, kọ́tìnì inú ojú rẹ̀ wá sílẹ̀ pátápátá. Ó dúró, ó ń retí pé kó ká sókè. Kò ká.

"O ṣeun, ọmọ mi," Màmá ní. "Ọlọ́run á ṣe tìẹ náà."

Wọ́n padà ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́sẹ̀ yẹn kan náà. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ ibi tó dun Télọ̀ gan-an? Tíṣà yí padà. Bí mo bá ní ẹ̀tàn ni, irọ́ ni mo pa. Ó kó ẹrù rẹ̀ wá sílé yẹn. Òun ló ń wẹ Màmá kó tó lọ síbi iṣẹ́, òun ló ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, kì í kanra, kì í ráhùn. Gbogbo àdúgbò ló ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Mẹkáníìkì wá jókòó ti Télọ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Àbúrò yín ti di èèyàn gidi. Irú ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò lè dárí jì í?"

Télọ̀ ń gbọ́ àbúrò rẹ̀ nínú yàrá, tó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bá Màmá sọ̀rọ̀ bó ṣe ń gbé wọn.

"Òótọ́ ni, ó ti yí padà," ó ní. "Ó tiẹ̀ ń gbé wọn dáadáa ju bí èmi ṣe ń gbé wọn lọ. Àmọ́ ojú mi ló fi kọ́ ọ. Mi ò dárí jì í, mi ò sì rò pé mo máa dárí jì í."

Kò rẹ ohùn sílẹ̀. Ohùn inú yàrá dákẹ́. Nígbà tó yá, Tíṣà jáde wá, omi ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bó ṣe máa ń ṣe. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ nǹkan?"

Télọ̀ na ọwọ́ sí i, torí ó fẹ́ lọ tọ̀, kò sì lè dá débẹ̀.