Heladio Nídìí Ààrò

Ó ti pé ogójì ọdún ó lé méjì tí Casilda ti ń dúró nídìí ààrò nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá ń jẹun. Kò sẹ́ni tó fi ipá mú un. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn ní gbogbo ilé tó wà lẹ́sẹ̀ òkè Malinche: ọkùnrin á jókòó ti ẹ̀wà àti ata lílọ̀, obìnrin á máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ àgbàdo lílọ̀, á máa yan tortilla lórí àwo amọ̀ pẹrẹsẹ, á sì máa gbé e síwájú ọkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbígbóná fẹlifẹli. Èyí tó bá ti tutù, Heladio ò ní fẹnu kàn án. Ìgbà tó bá yó tán ni Casilda á tó jẹ tirẹ̀, lórí ìdúró, ní igun ilé ìdáná.

Nínú oṣù kẹwàá, Casilda yọ̀ ṣubú lẹ́bàá kànga, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì kán. Dókítà dì í láti àtẹ́lẹwọ́ dé ìgúnpá, ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni kò gbọdọ̀ fi ṣe nǹkan kan. Obdulia, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà lọ́nà jíjìn, iṣẹ́ ò sì jẹ́ kó ráyè wá.

Heladio bẹ̀rẹ̀ sí í ra tortilla tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ti àwo kúrò níwájú.

“Bíi bébà ló rí lẹ́nu,” ló wí.

“Ṣé kí n wá máa fi ẹsẹ̀ ṣe é fún yín ni, Bàbá Obdulia?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló bu àgbàdo sí ìkòkò, ló gbé e kaná, ló sì mú ẹfun tí wọ́n fi ń sè é kó lè bó.

“Ó tó! Ó tó!” Casilda pariwo. “Ṣé ilé lẹ fẹ́ fi kùn ni?”

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Heladio gbé korobá àgbàdo lọ sí ilé ẹ̀rọ ìlọta. Obìnrin mẹ́wàá ló wà lórí ìlà, òun nìkan ni ọkùnrin.

“Ẹ̀yin wo là ń rí yìí, Don Heladio? Ṣé Casilda ti sọ yín di ìyàwó ni?”

“Kò tíì san owó orí mi,” ló dá wọn lóhùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì jẹ́ kó bọ́ síwájú.

Nílé, ó ní kí Casilda jókòó sórí àga tòun. Tortilla àkọ́kọ́ tó ṣe nípọn níbì kan, ó ya níbòmíràn.

“Kí lèyí? Ṣé àwòrán ilẹ̀ Mẹ́síkò lẹ yà fún mi ni? Ẹ tún yọ ìrù sí i!”

“Jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.”

Casilda fi ọwọ́ òsì jẹ ẹ́. Ó tún jẹ òmíràn. Iná ti jó Heladio ní ìka mẹ́ta kí tortilla kan tó wú bí bọ́ọ̀lù lórí àwo. Wọ́n máa ń sọ fáwọn ọmọbìnrin níbẹ̀ pé ẹni tí tortilla rẹ̀ bá wú ti tó gbé níyàwó.

“Ẹ ti tó ilé ọkọ!” Casilda kígbe, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omi ẹ̀rín lójú. “Ẹ jẹ́ ká wá ọkọ fún yín!”

Nígbà tí Casilda yó, Heladio jókòó láti jẹ tirẹ̀. Ẹ̀wà ti dì. Tortilla tó ṣẹ́kù ti le. Ó jẹ ẹ́ títí, kò tètè gbé e mì.

“Ìyá Obdulia, ìgbà wo lo jẹ èyí tó gbóná kẹ́yìn, kó tó di òní?”

Casilda rò ó. “Ọjọ́ tí mo bí Obdulia. Ìyá mi ló yan án fún mi.”

Obdulia ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì.

Lọ́jọ́ kan, Nabor yà kí wọn, ọ̀rẹ́ Heladio tó gbé Obdulia lọ ṣèrìbọmi, tí wọ́n sì ti ń pe ara wọn ní compadre láti ìgbà náà. Ó rí i pẹ̀lú épúrọ́ọ̀nù òdòdó Casilda nídìí.

“Compadre! Ta ló ṣe ọ́ báyìí?”

“Jókòó, kí o pa ẹnu mọ́.”

Nabor jẹ mẹ́rin. Nígbà tó ń lọ, ó rọra sọ pé: “Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ìyàwó mi gbọ́ sí i o.”

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n tú ọwọ́ Casilda sílẹ̀. Ó ti rù, àmọ́ ó ṣeé lò. Lọ́jọ́ kejì ó dúró nídìí ààrò kí Heladio tó dé láti oko.

“Ẹ lọ jókòó.”

“Ìwọ ni kí o lọ jókòó.”

“Bàbá Obdulia, ẹ kúrò nídìí iná mi!”

Wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ yìí títí tí ẹ̀wà fi bẹ̀rẹ̀ sí í jóná nísàlẹ̀. Casilda ló yára gbé e kalẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀ tó di àgbàdo mú lọ́wọ́, tí kò mira.

“Ká kúkú ṣe gbogbo rẹ̀ tán, ká fi aṣọ wé e, ká wá jọ jókòó,” ló wí. “Ṣùgbọ́n á tutù díẹ̀ o.”

“Kó tutù.”

Wọ́n ṣe é tán. Casilda jókòó, kò sì tètè jẹun. Ó ń bojú wẹ̀yìn wo ààrò bí ẹni tó gbàgbé nǹkan síbẹ̀. Heladio bu ẹ̀wà sí àwo rẹ̀, ó sún ata mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn oko fún un. Nígbà tó débi ọ̀rọ̀ ìbaaka tó já okùn, Casilda ti ń jẹun, ó sì ń bi í léèrè ọ̀rọ̀.