Àjọkẹ́ Tí A Kò Jọ Kẹ́

Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé mo jó títí gèlè mi fi tú. Àwa obìnrin Yorùbá tó ṣàtìpó ní àdúgbò Ugborikoko ń ṣe àsàlátù ọjọ́ Àìkú lọ́wọ́ ni Ìníolúwa wọlé. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó àwọn ọmọ tí kò lẹ́nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó fa ọmọbìnrin kékeré kan lọ́wọ́. Ọjà Enerhen ni wọ́n ti rí i lẹ́yìn tí èrò tú, ẹnikẹ́ni ò sì wá a wá.

"Ẹ̀yin ìyá mi, alágbàtọ́ ni mò ń wá o. Títí a ó fi rí ẹbí ẹ̀ ni."

Gbogbo wa tẹjú mọ́ ẹní. Rùqáyyàh, aránṣọ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ló nawọ́.

"Ìwọ nìkan kọ́ o!" ni mo fi pariwo. "A ó jọ tọ́ ọ ni! Oríkì ẹ̀ ti dé: Àjọkẹ́!" Orin bá bọ́ sí mi lẹ́nu:

*Àjọkẹ́, ọmọ gbogbo wa,*
*Ẹni bá rí ọ kó gbé ọ pọ̀n.*
*Ẹ̀yìn mi rèé, gùn ún,*
*Ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ mi náà, gùn ún.*

Wọ́n gbè é kíkan. Serifat ní òun á máa mú un ní Sátidé, Wúlẹ̀mọ̀tù ní tòun ni Ọjọ́bọ̀.

Ọ̀dọ̀ Rùqáyyàh lọmọ ọ̀hún ń sùn. Kì í sọ̀rọ̀. Ó ń géni jẹ. Ó ń tọ̀ sílé lóròòru, igbe ẹ̀ a jí gbogbo ilé. Ó gé Serifat jẹ lẹ́ẹ̀kan, Serifat ò padà wá mọ́. Wúlẹ̀mọ̀tù ní ọkọ òun ò fẹ́. Onílé wá dúró lẹ́nu ọ̀nà Rùqáyyàh: "Madam, dis your pikin no dey let person sleep. If e no go, you go go."

Èmi ń lọ síbẹ̀ ní tèmi, ojoojúmọ́, tèmi torin. Àjọkẹ́ a gbórí lé mi nítan, inú mi a dùn ṣìnkìn. Tí mo bá kọrin tán, màá dìde, ó di ilé.

Lọ́jọ́ kan Rùqáyyàh ju aṣọ tó ń fọ̀ sómi.

"Màmá, ohùn yín dùn. Ṣùgbọ́n orin kì í fọ aṣọ ìtọ̀."

"Ṣé kí n bá ẹ fọ̀ ọ́ ni?"

"Rárá. Ẹ jẹ́ kó sùn lọ́dọ̀ yín lálẹ́ ọjọ́ kan péré, kémi náà lè sùn."

Ilé Àlíyù ọmọ mi ni mò ń gbé, mo ní kí n bi í ná. Ìyàwó ẹ̀ ló dáhùn: "Mama, abeg o. No bring wahala come."

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Rùqáyyàh fa ọmọ lọ́wọ́, ó gbé báàgì ẹ̀ wá sí àsàlátù. Ojú ẹ̀ ti wọnú. Ó ti ránṣẹ́ sí Ìníolúwa, òun náà sì ti dé.

"Àjọkẹ́ lẹ pè é. Ta ló bá mi kẹ́ ẹ? Ẹ fi onítọ̀hún hàn mí."

Ẹnì kan dá orin, ẹnikẹ́ni ò gbè é.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ̀sẹ̀ kan kún un," ni Ìníolúwa ń bẹ̀ ẹ́. "Mi ò ní ilé mìíràn. Ibi tí mo fẹ́ mú un lọ yìí, orí ilẹ̀ lásán làwọn ọmọ ń sùn."

"Mo ti fi ẹ̀rọ rán ìka ara mi mọ́ aṣọ oníbàárà. Oorun ni. Ẹ mú un lọ."

Mo fa ọmọ náà mọ́ra, mo fẹ́ kọrin kó má baà sunkún. Ó fàtẹ́lẹwọ́ bò mí lẹ́nu.

"Mama, no sing."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbóhùn ẹ̀ nìyẹn. Kò sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wọ bàtà ẹ̀ fúnra ẹ̀, ó gbé báàgì, ó ṣáájú Ìníolúwa bọ́ síta.

Kí kẹ̀kẹ́ tó gbé wọn tó ṣí, Rùqáyyàh ti sùn lọ fọnfọn lórí ẹní.