Èwo Nínú Bẹ́ńsì Méjèèjì Ló Ń Pariwo Jù?

…kí ló wá kan Hàwáwù kan dísù? Ìyẹn ni mi ò rí ìdí ẹ̀. Obìnrin tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń da omi sínú ọkọ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló máa ń jókòó sí, á tẹjú mọ́ tẹ̀sùbáà ẹ̀ títí a ó fi dé ibi tí à ń lọ. Òun ìyàwó mi yìí náà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi láàárọ̀, tó ń wé ìborùn ẹ̀, tó ní, "Bàbá Khairiyyah, onídísù ni kí ẹ rà." Kò ní "mo rò pé." Kò ní "bí ẹ bá fẹ́." Onídísù ni kí ẹ rà. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó lọ wo ìkòkò ẹ̀.

Inú oníbẹntiróòlù ni mo jókòó sí báyìí, lábẹ́ bíríìjì ní Adéníji Adélé. Onídísù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bẹ́ńsì méjì, àwọ̀ eérú kan náà, àga aláwọ kan náà, òórùn tútù kan náà nínú wọn. Tòkunbọ̀ ni wọ́n, àmọ́ wọ́n ń dán. Bí èèyàn bá gbé wọn sí ojú kan, tó dijú, tó lajú, kò ní mọ èyí tí òun kọ́kọ́ wò. Ẹ́ńjìnnì nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀ síra. Dáfídì tó ń tà wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ méjèèjì lé mi lọ́wọ́, ó ní òun ń lọ jẹun, kí n jókòó sínú wọn, kí n fara balẹ̀ rò ó. Ó ní kí òun tó padà dé kí n ti mọ èyí tí mo fẹ́, torí ará Ìkòyí kan ń bọ̀ wá mú ìkejì kó tó di Mọ̀gàríbì.

Ta ló ń fi Bẹ́ńsì méjì sílẹ̀ fún oníbàárà, tó lọ jẹun? Ọmọ Ìjẹ̀bú. Àwọn Ìjẹ̀bú tí mo mọ̀ kì í ṣẹ́jú nídìí ọjà.

"Méjèèjì dáa, Alhaji." Ohun tó ń wí láti ọjọ́ mélòó kan nìyẹn. Méjèèjì dáa. Bí mo bá da ojú ọ̀rọ̀ kọ ọ́, á fẹyín, méjèèjì dáa. Aṣọ gíní ni èmi ń tà ní ọjà Jankara, mo ti ń tà á kí wọ́n tó bí i. Ọlọ́jà tí kò bá ti ọjà kan sí ọ lọ́rùn, ó ti mọ èyí tí o máa mú. Ẹnìkan ti sọ fún un. Kòkòrò tó ń jó lójú omi, ìsàlẹ̀ omi lonílù ẹ̀ wà. Èmi kì í wo ojú aṣọ. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo máa ń yí wò, ibẹ̀ ni wọ́n ń fi àbùkù òwú pamọ́ sí. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yìí dà?

Jẹ́ kí n tún un tò.

Hàwáwù ní torí epo ni. Ó sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo tẹ̀ lé e dé ìdí ìkòkò. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ epo ti daṣẹ́ sílẹ̀, ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti wọ́gi lé ìbò yẹn ìlú ò tíì rójú. Ó ní ẹni tó bá ra oníbẹntiróòlù lásìkò yìí á kàn máa gbé ọkọ̀ lọ sùn sílé epo ni. "Àwọn onílọ́rì ṣì ń rí dísù rà. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó." Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Mo tiẹ̀ ti ń gbà á. Mo ti ń sọ nínú ara mi pé obìnrin yìí mà ń ronú jù mí lọ…

Àfi ìgbà tí Mọ̀núrù dé.

Mọ̀núrù ni mẹ́káníìkì tó tọ́jú ọkọ̀ mi àtijọ́ títí mo fi tà á. Ó wá bá mi yẹ ẹ́ńjìnnì méjèèjì wò lọ́sàn-án yìí. Oníbẹntiróòlù ló fẹ́ kí n rà. Mo mọ ìdí ẹ̀: plọ́ọ̀gì ló mọ̀ ọ́n pààrọ̀, dísù ò yé e. Ìyẹn ò bí mi nínú, kálukú ló ń wá ibi tí oúnjẹ ẹ̀ á gbà wọlé. Ohun tó sọ tẹ̀ lé e ni. Ó ń nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó ń rẹ́rìn-ín. "Alhaji, Ìyá Khairiyyah pa mí lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ sí. Wọ́n yà sọ́dọ̀ mi, wọ́n ní nínú Bẹ́ńsì wọ̀nyí, èwo ló ń pariwo jù. Mo ní onídísù. Wọ́n ní, ṣé èèyàn á máa gbọ́ ọ láti ìkóríta? Mo ní, Ìyá, òkú gan-an á gbọ́ ọ."

Èwo ló ń pariwo jù.

Kò béèrè èyí tó lágbára. Kò béèrè èyí tó ń jẹ epo níwọ̀nba. Gbogbo ayé ń wá ọkọ̀ tó dákẹ́, ìyàwó tèmi ń wá ariwo kiri. Ó wá dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní torí epo ni. Epo lójú aṣọ, ariwo lẹ́yìn. Ìfura lòògùn àgbà, èmi ò sì tíì gbó tó ẹni tí wọ́n ń fọ́n eruku sí lójú.

Láti ìkóríta. Ìkóríta ilé wa náà ni. Ọ̀nà ibẹ̀ há, ọkọ̀ ò lè sáré, èèyàn á máa yẹ fún aláta, á máa yẹ fún ẹni tó ń sá aṣọ. Láti ìkóríta dé ẹnu ọ̀nà wa, àyè á ti wà fún ẹni tó wà nínú ilé láti… láti ṣe kí ni? Kó nǹkan pamọ́. Pa ojú dà. Sin ẹnìkan gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Ẹnìkan.

Mi ò fẹ́ dé ibẹ̀. Mo ti ń yí i po láti ìgbà yẹn bí ẹni ń yẹ ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣebí mo gbọ́ ọ? Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi. Etí èmi fúnra mi ni.

Láti ìgbà tí mo ti ta ọkọ̀ àtijọ́, ẹsẹ̀ ni mo fi ń ti Jankara lọ sílé. Kò jìnnà, bàtà mi ò sì ń dún. Lọ́jọ́ yẹn òjò ṣú, mo tètè ti ìsọ̀, mo wọlé nígbà tí wọn ò retí mi. Mo dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohùn ọkùnrin, nínú pálọ̀ mi. Ohùn tó wú, tó le, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. "Ta ló tan iná…" Ìyókù ò yé mi, ẹ̀rín bò ó. Ẹ̀rín obìnrin méjì. Ọ̀kan jẹ́ ti Khairiyyah, ọmọ wa tó ṣẹ́ kù sílé, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé níwèé. Tiẹ̀ ò le mọ̀, ó máa ń já ni. Èkejì… èkejì ti inú ikùn wá, ó ń gòkè, ó ń gòkè, ó kọ̀ kò tán. Mi ò mọ ẹni tó ni ín. Mo tẹ pákó ilẹ̀, ó dún, gbogbo ẹ̀ sì dákẹ́ wẹ́lo.

Mo ká aṣọ ojú ọ̀nà. Hàwáwù àti Khairiyyah nìkan. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá." "Ẹ kú ọjà o." Omijé wà lójú Khairiyyah. Orí Hàwáwù wà lásán, ó ń wá gèlè ẹ̀ nílẹ̀. Fìlà mi, àbẹtí-ajá tí mo fi kọ́ ìṣó nínú yàrá, òun ló wà lórí àga. Mo mú un. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí èèyàn ni.

Mo wo ẹ̀yìn kọ́tìnnì bí ẹni ń wo òjò. Mo lọ sẹ́yìnkùlé bí ẹni tó fẹ́ ṣe àlùwàlá. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀. Òótọ́ ni, kì í wà ní títì lójúmọmọ — àmọ́ ó ṣí sílẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wọn ohùn gbogbo ọkùnrin Ìsàlẹ̀ Èkó wò. Mọ̀núrù kọ́, tiẹ̀ tín-ín-rín. Dáfídì kọ́, òun ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń da òróró. Mo jókòó sẹ́yìn lẹ́mọ́mù lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, dípò kí n gbọ́ wáàsí, ohùn ẹ̀ ni mò ń gbé yẹ̀ wò. Asitagifirulai. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí gbé mi dé nìyẹn. Ta ló tan iná. Kí ló kan àlejò kan iná ilé mi? Ọkùnrin tó fẹ́ òkùnkùn ni. Ó wọlé mi, ó dé fìlà mi, ó ń pàṣẹ kí wọ́n paná, lójú ọmọ mi. Ibẹ̀ ló ń ta mí jù — pé Khairiyyah mọ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí mo gbé lé èjìká lọ sílé kéwú. Bí ikú ilé ò bá pani…

Ó tó. Mo ti mọ èyí tí mo máa rà.

Oníbẹntiróòlù. Kí ìlà epo gùn dé Ìbàdàn, òun náà ni. Mo máa gbà á wọlé jẹ́ẹ́, mo máa débẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ìgbàkígbà. Mo máa ká aṣọ ojú ọ̀nà yẹn kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tó kúrò nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rí ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ariwo. Ojú mi ni màá fi rí i.

Ó dákẹ́ tó? Jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Mo ti ilẹ̀kùn, mo gbé gíláàsì sókè, mo yí kọ́kọ́rọ́. Kò dún. Àfi ìgbà tí mo gbé ọwọ́ lé dáṣíbọ́ọ̀dù ni mo mọ̀ pé ó ti ń ṣiṣẹ́. Subuhana. Ariwo Adéníji Adélé ti kúrò pátápátá, mò ń rí ẹnu àwọn tó ń pe oníbàárà, mi ò gbọ́ wọn. Èmi nìkan ló kù nínú ẹ̀. Iná kékeré kan sì ń tàn lókè orí mi. Lójú ọ̀sán. Ẹni tó fọ ọkọ̀ ló fi í sílẹ̀, wọn kì í wò ó, ṣé àwọn ló ń ra bátìrì ni?

"Ta ló tan iná yìí sílẹ̀ lójú ọ̀sán gangan? Ṣé èmi ni mo ni Nẹ́pà ni?"

…

Ta ló sọ̀rọ̀?

Èmi ni mo sọ ọ́. Kò sí ẹlòmíràn níbí. Ẹnu mi ló ti jáde, mi ò tiẹ̀ rò ó kó tó jáde, bí ó ṣe máa ń… Tún un sọ. Rọra. Ta ló tan iná. Ohùn tó wú. Tó le. Bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Gíláàsì wà lókè, kò rí ibi gbà jáde, ó padà wá bá mi létí. Bó ṣe máa ń bá wọn nìyẹn. Lójoojúmọ́. Kí n tó bọ́ bàtà, kí n tó dáhùn ẹ káàbọ̀. Ta ló tan iná yìí sílẹ̀.

Kò sí ọkùnrin kankan. Èmi ni.

Hàwáwù ló dé fìlà. Ìdí nìyẹn tí gèlè fi wà nílẹ̀. Ìyá Khairiyyah, tó ń tẹjú mọ́ tẹ̀sùbáà, ló dé àbẹtí-ajá mi, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bíi tèmi, ó ṣe ohùn mi fún ọmọ ẹ̀, ẹ̀rín sì gbà á lẹ́nu kó tó dé ọ̀dọ̀ Nẹ́pà. Ó ṣe é débi pé ẹni tó ni ohùn dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wá olè.

Inú ń bí mi. Ó yẹ kó bí mi. Ilé tí mo kọ́, iná tí mò ń sanwó ẹ̀, wọ́n wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ẹ̀… mò ń fẹ́ kó bí mi sí i, kò ṣe é ṣe. Ohun kan dí i lọ́nà.

Ẹ̀rín yẹn. Tó ti inú ikùn wá. Ti Hàwáwù ni.

Mi ò dá a mọ̀. Gíní tí mo bá tà lónìí, màá mọ̀ ọ́n lọ́rùn ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ̀rín obìnrin tí mo fẹ́ níṣu lọ́kà, tó bímọ fún mi, tí a jọ ń jí lójoojúmọ́ — mo gbọ́ ọ nínú pálọ̀ mi, mo ní àlejò ni. Ìgbà wo ló rín in níwájú mi kẹ́yìn? Mò ń wá a. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ… rárá. Nígbà tí a ṣì ń gbé yàrá kan… bóyá. Ó dùn mí. Ó dùn mí ju bí ì bá ti dùn mí ká ní mo bá ọkùnrin níbẹ̀.

Torí ẹ̀ ló ṣe lọ bá Mọ̀núrù. Ó ń wá àyè tí á fi gbé fìlà padà sórí ìṣó. Ká ní mo ká aṣọ yẹn kíákíá, ká ní mo bá a pẹ̀lú fìlà lórí, kí ni ǹ bá ṣe? Mo mọ̀ ọ́n. Ǹ bá béèrè ẹni tó tan iná.

Dáfídì ń bọ̀ lókèèrè, ó ń fi igi tayín. Ilẹ̀ ò tíì ṣú, oòrùn ṣì wà lórí ọ̀sà, ará Ìkòyí ò tíì dé. Bí mo bá gbé èyí lọ, èyí tó dákẹ́ yìí, màá ká wọn mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan. Irú ẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ká mọ́ èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò ní mọ ìgbà tí mò ń bọ̀, wọ́n á máa retí mi ní gbogbo ìgbà, pálọ̀ á sì dákẹ́ bí inú ọkọ̀ yìí.

Mo pa ẹ́ńjìnnì. Kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ òsì mi, mo ti dì í mú títí ó fi ń mú mi lọ́wọ́. Onídísù. Kó máa pariwo. Kí wọ́n máa gbọ́ mi láti ìkóríta, kí Hàwáwù lè rẹ́rìn-ín ẹ̀ tán kí n tó wọlé.