Àrọ̀ Tó Ń Jẹ Ọmọ Ẹpìyà

Lydia ti ọ̀bẹ bọ ikùn àrọ̀ náà, ó là á dé ìdí. Ọmọ ẹpìyà mẹ́rin bọ́ sórí pákó, gbogbo wọn ló sì ní àmì tí òun fúnra rẹ̀ gé sí wọn ní lẹbẹ́ kí iléeṣẹ́ ìjọba tó dà wọ́n sódò Ushafa.

"Mo mọ̀!" ó ké. "Mo sọ fún Ọ̀gá Bánjọ pé kì í ṣe àwọn apẹja ló ń kó wọn!"

Ẹni tó bá mọ Adéníjì, ọkọ rẹ̀, mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Àmọ́ láti ìgbà tó ti fi mọ́tò gbé ìyàwó rẹ̀ dé etí odò, ńṣe ló dà bí ẹni tó fi omi sẹ́nu. Ó kàn ń wo Bàbá Ṣítù, apẹja ọmọ Ìlọrin tó fi odò yìí tọ́ ọmọ, tó pa àrọ̀ náà fún wọn kó tó padà sórí omi. Ọ̀gá Bánjọ, tó jẹ́ olórí Lydia níléeṣẹ́ náà, ti ní bí Lydia kò bá rí ẹja tó ń jẹ àwọn ọmọ ẹpìyà náà, òun yóò gba àwọ̀n gbogbo apẹja ibẹ̀ lọ́la.

Lydia yí ẹja náà padà kó lè wọn gígùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ bọ́ sí ìrù. Wọ́n ti gé e wọnú díẹ̀, bí òun ṣe kọ́ ọkọ rẹ̀ láti máa sàmì sí àwọn ìyá àrọ̀ inú adágún ẹja wọn. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Dádì Tọ́pẹ́, ẹ ní gbogbo wọn ló kú nígbà tí òjò wó ògiri adágún. Ẹ ní kí n tó ti Kàdúná dé, ẹ ti kó òkú wọn dànù."

Adéníjì wo ọ̀dọ̀ Bàbá Ṣítù, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Omi ló gbé wọn lọ sódò. Mo rò pé a ò ní gbúròó wọn mọ́."

"Ẹ sì ń wò mí, tí mò ń wá ohun tó ń jẹ ẹja kiri!"

"Lydia, jọ̀ọ́. Ìwọ lo bá mi tọrọ àyè adágún yẹn létí odò lọ́wọ́ iléeṣẹ́ yín. Tí wọ́n bá gbọ́, iṣẹ́ rẹ lọ nìyẹn. Jù ú padà sómi, kó o ní o ò rí nǹkan kan."

"Bàbá yẹn ńkọ́?"

"Yóò ra àwọ̀n mìíràn."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Lydia ju irọ́ náà lọ. Ẹ̀rù iṣẹ́ rẹ̀ ń bà á lóòótọ́, àmọ́ ìwà ọkùnrin tó fẹ́ yìí tún ń tì í lójú.

Fóònù dún. Ọ̀gá Bánjọ ni.

"Lydia, kí lo rí? Àwọn ọlọ́pàá tó máa gba àwọ̀n lọ́la ń retí ọ̀rọ̀ mi o."

Bàbá Ṣítù nahùn látorí omi: "Màdáámù, ṣé kí n tún wá òmíràn?"

"Ẹ ṣé, Bàbá. Èyí ti tó." Lydia gbé fóònù padà sétí. "Ọ̀gá, ẹ má bínú, ọkọ mi ló mọ ohun tó ń jẹ wọ́n. Ó fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

Ó na fóònù sí Adéníjì. Ọkùnrin náà mi orí. Lydia kò fa ọwọ́ sẹ́yìn, títí ó fi gbà á.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni Adéníjì wí. "Àwọn àrọ̀ tó ń jẹ ọmọ ẹpìyà yín... tèmi ni."