Ilé Ìgbẹ̀bí Tí Wọn Kò Tíì Ṣí

Rùkáyátù di òpó àtíbàbà mú, orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀. Omira ti ya, ó ń ṣàn sínú bàtà rẹ̀. Ilé ìgbẹ̀bí tuntun kò jìnnà síbi tó wà, ṣùgbọ́n ríbọ́ọ̀nù pupa ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, àgádágodo sì wà lẹ́yìn ríbọ́ọ̀nù.

"Nọ́ọ̀sì, ṣílẹ̀kùn," ni Leah, ìyá ọkọ Rùkáyátù, wí.

Nọ́ọ̀sì Olúfúnmi wolẹ̀. Olúmúyìwá, alága ìdàgbàsókè abúlé, ló dáhùn. "Màmá, ẹ ṣe sùúrù. Àwọn ìjọba ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá ṣí i. Aṣọ funfun ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣé ẹ̀jẹ̀ la fẹ́ fi kí wọn káàbọ̀ ni?"

"Ó dáa. Wá bẹ̀rẹ̀ síbí, kí o sọ fún ọmọ inú rẹ̀ pé àlejò ń bọ̀."

Àwọn obìnrin kan rẹ́rìn-ín. Leah kò rẹ́rìn-ín. Ojú ọ̀nà ilé ìwòsàn Mọ́níyà ni ìyàwó àkọ́fẹ́ ọmọ rẹ̀ kú sí, toyúntoyún, láàárín ẹ̀gẹ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù kó. Leah ló gbé orí rẹ̀ lé itan. Lára ògiri ilé tuntun yìí, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ètò ìlera àwọn obìnrin ti dé gbogbo orílẹ̀-èdè. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà mélòó ló jókòó sábẹ́ àtíbàbà, tí wọ́n ń fi ìwé ètò fẹ́ra?

Ó fa ríbọ́ọ̀nù náà já. Ó nawọ́ sí Olúfúnmi.

"Kọ́kọ́rọ́."

Olúfúnmi fún un.

Wọ́n gbé Rùkáyátù sórí bẹ́ẹ̀dì. Leah ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kó lè mú abẹ àti ìbọ̀wọ́. Ó ṣófo. Ó ṣí èkejì. Òfìfo. Ó yí ẹ̀rọ omi; súfèé lásán ló ń sú.

"Níbo lẹ kó nǹkan sí?"

"Wọn ò kó nǹkan kan wá, Mà," ni Olúfúnmi wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo bèèrè títí. Wọ́n ní kí n ṣáà ti ilẹ̀kùn."

Leah figbe ta sóde pé kí wọ́n gbé omi gbígbóná àti abẹ tuntun wá láti ilé. Àwọn obìnrin tú ká, wọ́n sáré. Kí fèrè ọkọ̀ àwọn àlejò tó dún ní oríta, ọmọ ti ké. Obìnrin ni.

Olúfúnmi sáré lọ sídìí ilẹ̀kùn láti tì í. "Mà, wọ́n ti dé. Tí ẹnikẹ́ni bá rí bó ṣe ṣófo, èmi ni wọ́n máa dá lẹ́bi."

Leah wò ó. Ẹ̀jẹ̀ ti dé ìgbọ̀nwọ́ nọ́ọ̀sì náà. Òun ni Leah ti ń bínú sí láti àárọ̀.

"Fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ló wí.

Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù méjèèjì gbayawu. Ó wá gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó, ó gbé ọmọ náà mọ́ àyà, ó ń retí wọn.